Ohun Tó Ń Dún Nínú Ògiri ní Aago Méje

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú kan nínú oṣù kọkànlá, Leona Prosser ń da kọfí sínú kọ́ọ̀pù méjì nílé ìdáná rẹ̀ ní Scranton. Ìyá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Dewey, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń gbé, ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irùngbọ̀n tán ni. Ó jáde láti balùwẹ̀ pẹ̀lú tówẹ̀lì lọ́rùn.

"Dewey, yí ojú ẹ sí mi."

"Kí ni mo tún ṣe, Màmá Àgbà?"

"Mo ní kí o yí ojú ẹ sí mi. Apá òsì."

Ẹ̀jẹ̀ ń yọ lábẹ́ etí òsì Dewey, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti pàdé ọrùn. Ọgbẹ́ náà kò gùn ju èékánná lọ, ó sì dà gẹ́rẹ́ sísàlẹ̀. Ìyá àgbà gbé ìkòkò kọfí sílẹ̀. Ó wo ọgbẹ́ náà, ó tún wo fọ́tò tó wà lára fíríìjì. Gomer ló wà nínú fọ́tò náà, ọkọ rẹ̀ tó kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó gbé ẹja dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Àpá kan wà lábẹ́ etí òsì rẹ̀. Kò gùn ju èékánná lọ. Ó dà gẹ́rẹ́ sísàlẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀melòó ni rẹ́sà yẹn ti gé ẹ níbẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká sọ pé ibẹ̀ ló fẹ́ràn."

"Mi ò bá ẹ ṣeré o."

"Ojoojúmọ́ ni, Màmá Àgbà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Tíṣù ni mo máa ń fi bò ó. Òní ni mo gbàgbé."

Leona fa àga, ó jókòó.

"Èmi náà ti ń gbọ́ ọ láti ọ̀sẹ̀ méjì."

"Kí lẹ̀ ń gbọ́?"

"Bàbá àgbà ẹ. Ó ń fá irùngbọ̀n ní aago méje àárọ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Inú ògiri ló ti ń dún."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Dewey, ṣùgbọ́n kò jáde. "Ẹ ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, àbí?"

"Mo sọ fún Rhoda lórí fóònù."

Dewey mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Rhoda ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Leona bí. Allentown ló ń gbé, ó sì ti lé lọ́dún kan tó ti fẹ́ kó ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ẹ̀rí pé orí ìyá náà ò pé mọ́ ló kù tó ń wá. Kí wọ́n tó mu kọfí yẹn tán, fóònù Dewey dún.

"Lọ́jọ́ Sátidé ni mò ń bọ̀," Rhoda wí. "Màá sùn síbẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Sunday, màmá máa fọwọ́ síwèé, a máa jọ lọ. Ilé ìtọ́jú ti ní yàrá fún wọn."

"Àǹtí Rhoda, ẹ ṣe sùúrù. Orí màmá pé."

"Ẹni tó ń gbọ́ òkú nínú ògiri lorí ẹ̀ pé? Ìwọ máa ń kúrò nílé ní aago márùn-ún ààbọ̀ láàárọ̀, ta ló wà pẹ̀lú wọn? Dewey, ìyá mi ni. Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí lọ́jọ́ kan pé wọ́n bá wọn nílẹ̀ balùwẹ̀."

Ó pa fóònù. Nílé ìdáná, Leona ti yí fọ́tò Gomer kọjú sí ara fíríìjì.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí rẹ́sà náà ṣe dé ọwọ́ Dewey.

Ó ti pẹ́ tí rẹ́sà oníke tí wọ́n ń to abẹ mẹ́rin, márùn-ún sí ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá ti fá irùngbọ̀n tán, ọrùn rẹ̀ á kún fún kókó pupa bíi pé ẹ̀fọn jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kékeré tó wà lẹ́yìn dígí balùwẹ̀, ó rí àpótí kan tó kéré bí ọwọ́. Rẹ́sà irin kan wà nínú rẹ̀. Àwọ̀ góòlù rẹ̀ ti ń ṣí, ó wúwo, orí rẹ̀ sì máa ń ṣí bí ẹnu. Irú èyí tí àwọn bàbá ayé àtijọ́ ń lò ni. Abẹ olójú kan ló ń gbà, ẹyọ kan ṣoṣo, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn tí ojú kejì sì mú. Páànù aláwọ̀ góòlù tín-ín-rín kan tí wọ́n ká pọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Dewey rò pé ìdọ̀tí ni, ó jù ú nù.

Abẹ kankan kò sí nínú àpótí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ṣòro. Ilé ìtajà tí wọ́n ti ń ta ìṣó, ọ̀dà àti irin iṣẹ́ ni Dewey ń bá ṣiṣẹ́. Ó rántí pé àwọn ní abẹ olójú kan lórí pẹpẹ, ọgọ́rùn-ún nínú páálí kan. Ó mú páálí kan wálé, ó fi ẹyọ kan sínú rẹ́sà. Ó wọlé wẹ́kú.

Abẹ náà kì í pẹ́ kó tó kú. Bó bá ti lò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ti ń fa irun já. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ló ń pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó kú ńkọ́? Ibi tí Gomer ń jù ú sí lòun náà ń jù ú sí. Ní ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù irin yẹn, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tí wọ́n kọ "abẹ" sí lórí. Ihò bẹ́ẹ̀ kún ilé ayé àtijọ́ ládùúgbò wa. Ẹ ti abẹ sínú rẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìn, ó tán. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tó ń lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Dewey bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé òun á pẹ́ dé. Òun fẹ́ wà nílé ní aago méje. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tó ti kó wá, nítorí pé ó máa ń ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ lójoojúmọ́, bó bá sì di ọjọ́ Sunday, òkè pátápátá ló ń sùn di ọ̀sán.

Ó jókòó sétí ibi ìwẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó funfun bí omi ọṣẹ. Kò sí nǹkan kan tó ń dún. Aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Aago méje ku ìṣẹ́jú kan.

*Ko.*

Dewey yí orí sí ògiri.

*Ko. Ko.* Ẹ̀yìn dígí ló ti ń wá, bí ẹni tó ń fi rẹ́sà gbá etí bésìnì kí irun inú rẹ̀ lè bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun kejì bẹ̀rẹ̀, tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó gbẹ. *Ṣìììn.* Ó dákẹ́. *Ṣìììn.* Bí abẹ tó ń gba orí irùngbọ̀n àgbàlagbà kọjá láti etí wá sí àgbọ̀n.

Dewey gbójú sókè wo dígí. Ojú Gomer ló ń wò ó, ojú náà láìkù síbì kan, títí dé ọgbẹ́ abẹ́ etí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ojú náà gbé ọwọ́ sókè. Ojú ara rẹ̀ ni.

Nígbà náà ni ohùn ìyá àgbà rẹ̀ dún láti yàrá kejì, lórí bẹ́ẹ̀dì tó fara ti ògiri yẹn gan-an. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò tíì la ojú.

"Gomer, o ti jí? Má gbàgbé abẹ́ etí ẹ."

Dewey dìde. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ògiri náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn.

Kò dúró jẹun. Ó wé rẹ́sà náà mọ́ tówẹ̀lì, ó mú páálí abẹ, ó gba ṣọ́ọ̀bù Carmine Lucarelli lọ. Onígbàjámọ̀ ni Carmine. Ó ti ń fá irun fún àwọn ará àdúgbò náà fún àádọ́ta ọdún, òun náà ló sì fá irùngbọ̀n Gomer nígbẹ̀yìn, kí wọ́n tó gbé e sínú pósí.

Carmine fi ìka gbé àgbọ̀n Dewey sókè. "Ta ló fẹ́ pa ẹ́?"

"Ẹ̀yin náà ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ kọ́. Ìgbà wo lo gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́yìn?"

"Mi ò rántí."

"Bó o bá kúrò níbí, ilé ìwòsàn ni kó o gbà lọ. Irin àtijọ́, ọgbẹ́ tuntun, tó o sì ń ṣí i lójoojúmọ́. Àìsàn yẹn máa ń jẹ́ kí àgbọ̀n èèyàn há pátápátá, kò sì sí ẹni tó ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́. Ó yá, kó ẹrù ẹ jáde."

Carmine kọ́kọ́ mú páálí abẹ. Ó kà á, ó sì bú sẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Dewey! Abẹ àwọn akunlé nìyí! Òun ni wọ́n fi ń ha ọ̀dà kúrò lára gíláàsì!"

"Ó kúkú wọlé."

"Ó máa wọlé, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n. Ọmọ ibi tí wọ́n ti ń ta irin iṣẹ́ nìkan ló lè ṣe irú èyí. Èyí tí wọ́n ṣe fún ojú èèyàn, wọ́n pọ́n ọn kúnná, wọ́n sì fi ohun tó ń yọ̀ kun ojú ẹ̀ kó má baà gé awọ. Èyí tó o mú wá yìí, fèrèsé ló wà fún. Fèrèsé kì í ṣẹ̀jẹ̀."

"Ìyẹn ló jẹ́ kó máa já irun mi?"

"Ìyẹn ló jẹ́ kó máa já irun ẹ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń gé ẹ lójú kan náà. Jẹ́ ká wò ó."

Ó mú abẹ tòótọ́ kan láti inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó fi sínú rẹ́sà, ó pa á dé. Kò gbé e sójú ẹnikẹ́ni. Ó gbé e sókè síwájú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹnu rẹ̀ kọjá.

"Sún mọ́bí. Wo ojú abẹ yẹn. Ṣé ó yọ jáde bákan náà lọ́tùn-ún lósì?"

Dewey fojú wọ́n ọn. "Rárá. Igun kan yọ ju ìkejì lọ."

"Eyín kékeré méjì ló wà nínú ẹ̀ tó ń dá abẹ dúró. Ọ̀kan ti wọ́. Rẹ́sà yìí ti já bọ́ rí, ọjọ́ sì ti pẹ́. Bó o bá fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, igun tó yọ yẹn ló máa kọ́kọ́ dé abẹ́ etí. Ìwọ lónìí, Gomer nígbà náà. Kì í ṣe òkú ló ń sàmì sí ẹ lára."

Dewey fọwọ́ kan abẹ́ etí rẹ̀. "Kí ló dé tí kò fi ń gé wọn títí wọ́n fi kú? Àpá kan ṣoṣo ni wọ́n ní."

"Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ṣé kò sí nǹkan mìíràn nínú àpótí?"

"Páànù góòlù kékeré kan. Wọ́n ká a pọ̀. Mo jù ú nù."

Carmine gbá orí ara rẹ̀. "Òun ni Gomer fi ń ti abẹ kó lè dọ́gba! Ó rí ohun tó ń ṣe é, ó wá nǹkan sí i. Ìwọ jogún rẹ́sà, o wá da ọgbọ́n tó bá a wá nù."

Ìgbà náà ni Dewey wá sọ ti ògiri fún un. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ti aago méje, ti ohùn Leona, ti ògiri tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ti Rhoda tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé. Carmine kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé rẹ́sà kalẹ̀.

"Níbo lò ń ju abẹ tó bá ti kú sí?"

"Inú ihò ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ọdún mélòó ni Gomer lò nínú ilé yẹn?"

"Mọ́kànléláàádọ́ta."

"Nígbà tí Gomer kú, ṣé ohun yẹn ṣì ń dún?"

Dewey ronú. "Màmá ní kò pẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú wọn tí ṣìììn yẹn fi dákẹ́, ó ku ko ko nìkan. Ọ̀sẹ̀ méjì yìí ló padà."

"Ìgbà tí ìwọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ju abẹ síbẹ̀," Carmine wí jẹ́jẹ́. "Gbọ́, má fọwọ́ kan ògiri yẹn. Má ju ẹyọ kan sí i mọ́. Jẹ́ kí Rhoda fi etí ara ẹ̀ gbọ́ ọ. Bí a bá tú u kó tó dé, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló máa kù fún un, kò sì ní gbà á. Màá wá lọ́jọ́ Sunday kí aago méje tó lù."

Dewey gba abẹ́rẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì fọ ọgbẹ́ rẹ̀, ó ní kó fi irùngbọ̀n sílẹ̀ títí yóò fi san.

Rhoda dé lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú àpò aṣọ kan àti fáìlì aláwọ̀ ewé. Wọ́n jẹ pírógì, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi ọ̀dùnkún sínú, tí Leona fi àlùbọ́sà dín, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ ohun tó wà nínú fáìlì. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Leona wí pé, "Rhoda, o ò béèrè lọ́wọ́ mi bóyá bàbá ẹ ń kí ẹ."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Kò kí ẹ. Kì í sọ̀rọ̀. Irùngbọ̀n ló ń fá."

Rhoda wo Dewey bí ẹni pé ẹjọ́ ti parí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday, yìnyín díẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Carmine wọlé pẹ̀lú àpò irin iṣẹ́, ó gbọn bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn mẹ́rin dúró nínú balùwẹ̀ kékeré yẹn, Leona nínú aṣọ àwọ̀sùn rẹ̀, Rhoda pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá.

"Kí là ń dúró dè?" Rhoda béèrè.

"Aago méje," ìyá rẹ̀ dáhùn.

*Ko.*

Rhoda wo ẹnu ọ̀nà.

*Ko. Ko.*

"Ta ló wà lẹ́yìn ibẹ̀?"

*Ṣìììn.*

Fáìlì bọ́ lábẹ́ apá Rhoda, ìwé fọ́nká sórí ilẹ̀. Ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Obìnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ṣùgbọ́n ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn ọmọdé ni. "Dádì?"

"Mo sọ fún ẹ," Leona wí.

*Ṣìììn.* Ó dákẹ́. *Ṣìììn.*

Carmine jẹ́ kó dún tán. Lẹ́yìn náà, ó wọ ìbọ̀wọ́ awọ, ó fi òmíràn fún Dewey, ó sì ní kí àwọn obìnrin méjèèjì bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó fi ayùn kékeré gé ojú ògiri lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ní ibi tó ga tó orúnkún. Ó fa pákó náà yọ.

Rhoda àti Leona yọjú láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Abẹ ló wà níbẹ̀. Láàárín igi ògiri méjì, abẹ Gomer dúró bí òkìtì ikán. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, ó ti dógùn-ún, ó ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Gbogbo òwúrọ̀ ayé ọkùnrin kan ló jókòó síbẹ̀. Páìpù omi gbígbóná gba ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà kọjá. Lórí rẹ̀ lókè, abẹ tuntun bíi mẹ́rìnlá ń dán, wọ́n fara ti páìpù. Bí wọ́n ti ń wò ó, ọ̀kan yọ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí ògbólógbòó.

*Ṣìììn.*

"Òun nìyẹn," Carmine wí. "Bí omi gbígbóná bá ti dé, páìpù á na ara ẹ̀, á gbá igi: ko, ko. Á wá ti abẹ tó wà lójú, á máa yọ̀. Àwọn tó ti dógùn-ún kò lè yọ̀, ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi dákẹ́ nígbà tí Gomer ò sí mọ́. Dewey ló wá kó tuntun lé e."

"Aago méje ńkọ́?" Rhoda béèrè. "Kí ló dé tó jẹ́ aago méje gééré?"

Ìyẹn ni Carmine kò mọ̀. Dewey ló sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé, níbi tí ẹ̀rọ amúlégbóná wà. Aago kékeré kan wà lára ẹ̀rọ náà, wọ́n ṣètò rẹ̀ sí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí omi lè gbóná dé òkè ní aago méje. Wọ́n lẹ bébà kan sí abẹ́ rẹ̀, tó ti pupa. Dewey yọ ọ́ wá sókè, ó kà á fún wọn.

"'Kí balùwẹ̀ gbóná kí n tó fá irùngbọ̀n. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Gomer.'"

Fún ọdún mẹ́fà tí ọkùnrin náà ti wà nínú ilẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ń jí láàárọ̀, ó ń múra balùwẹ̀ sílẹ̀ dè é.

Rhoda kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ìwé rẹ̀. Kò ya á. Ó tò ó pọ̀, ó fi í sínú fáìlì, ó sì gbé fáìlì náà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ó wí pé, "Màmá, ẹ dárí jì mí. Ohun tó ń dún lẹ gbọ́."

"Èmi ò sọ pé nǹkan mìíràn ni mo gbọ́."

"Ẹ ní Dádì ni."

"Abẹ ta ni, Rhoda? Aago ta ni?"

Rhoda dì mọ́ ìyá rẹ̀. Òun nìkan ló padà sí Allentown nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Dewey àti Carmine lo gbogbo ọ̀sán láti kó abẹ náà. Ẹ̀mú ni wọ́n fi ń mú un, kì í ṣe ọwọ́. Agolo ọ̀dà mẹ́ta tó ní ọmọrí ló kún. Wọ́n dì wọ́n pa, wọ́n kọ "ABẸ: Ẹ MÁ ṢÍ I" sí wọn lára, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ibi tí ìlú ti ń gba ohun mímú. Wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dí ihò ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Lórí òkìtì náà, Dewey rí páànù góòlù tó sọ sínú ihò abẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Leona gbà á. "Ọjọ́ tí wọ́n bí bàbá ẹ ni rẹ́sà yẹn já bọ́ sí bésìnì lọ́wọ́ Gomer," ó sọ fún Dewey. "Ayọ̀ ló mú un gbọ̀n. Ọgbẹ́ ìjọ́ kejì ló di àpá." Ó fi páànù náà sẹ́yìn fọ́tò, ó sì yí fọ́tò padà kọjú síta.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, páìpù nìkan ló dún. *Ko. Ko.* Lẹ́yìn náà, ilé dákẹ́. Leona dùbúlẹ̀, ó ń retí. Nígbà tí Dewey ti ibi iṣẹ́ dé, Leona wí fún un pé, "Ó ti lọ." Kò jẹun dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọgbẹ́ Dewey san. Carmine fún un ní rẹ́sà mìíràn tí eyín rẹ̀ méjèèjì pé, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Láti ìgbà náà, bó bá di ọjọ́ Sunday, Dewey kì í sùn di ọ̀sán mọ́. Ní aago méje, ó máa ń fi ilẹ̀kùn balùwẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó ń fá irùngbọ̀n. Ó ń gbá rẹ́sà létí bésìnì. *Ko. Ko.* Láti yàrá kejì, ohùn kan á wí pé, "Má gbàgbé abẹ́ etí ẹ."

Á sì dáhùn pé, "Mi ò ní gbàgbé."

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ́sà àtijọ́ yìí nílé, tàbí tí ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrù àlòkù, kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ lò ó. Ó lè pẹ́ ju yín lọ. Ṣùgbọ́n kó tó dé ojú yín, ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ẹ kò lò mọ́ fọ̀ ọ́. Ẹ fi sípíríìtì nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Abẹ tí ẹ bá bá nínú rẹ̀, ẹ má lò ó. Ẹ fi tuntun sí i, èyí tí wọ́n ṣe fún ojú ènìyàn, kì í ṣe ti àwọn akunlé. Ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀. Bí ojú abẹ kò bá yọ bákan náà lọ́tùn-ún lósì, rẹ́sà náà ti wọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tàbí kí ẹ wá òmíràn.

Bí ẹ bá fẹ́ fá irùngbọ̀n, ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná rọ irun náà, kí ẹ fi ọṣẹ tó hó dáadáa kùn ún. Ẹ gbé orí rẹ́sà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ wá tẹ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ tí abẹ ń gé irun. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ lé ibi tí irun kọjú sí, ẹ fà á ní kúkúrú kúkúrú, ẹ má sì fi agbára tì í. Ìwúwo irin náà tó láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀. Abẹ ẹlòmíràn kì í ṣe ti yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ti ọkọ tàbí ti ọmọ ìyá yín, nítorí àrùn inú ẹ̀jẹ̀. Bó bá sì ti pé ọdún mẹ́wàá tí ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, ẹ lọ gba òmíràn.

Abẹ tó bá kú, inú agolo líle tó ní ọmọrí ni kó wọ̀. Ẹ má jù ú sínú ògiri, ẹ má sì jù ú sínú ike ìdọ̀tí fún ọwọ́ ẹni tó máa kó o. Bí ilé yín bá ti dàgbà, tí ẹ sì rí ihò tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù balùwẹ̀, ẹ dí i, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó bá máa gé ògiri náà lọ́jọ́ iwájú.

Bí àgbàlagbà ilé yín bá sì wí pé nǹkan kan ń dún nínú ògiri, kí ẹ tó lọ gba ìwé ilé ìtọ́jú fún un, ẹ bi í pé aago mélòó ló máa ń dún. Ẹ lọ dúró níbẹ̀ ní aago náà. Ẹ gbé etí lé e.